Mo ní kí wọ́n tú ìṣó náà

Ní gbogbo Sátidé, gbọ̀ngán ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íkòròdú ni mo máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí. Ẹnìkan fún wa ní rélùwéè ìṣeré onípákó tòkunbọ̀, irú èyí tí BRIO, ilé iṣẹ́ kan ní Sweden, ti ń ṣe láti ọdún 1958. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á sọ ọ́ nù. Mo bẹ bàbá káfíńtà, wọ́n to ojú irin rẹ̀ yíká sórí pákó ńlá kan, wọ́n sì fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀ gbagidi.

Sátidé àkọ́kọ́, ariwo sọ. Ìkejì, ọmọ méjì péré ló yà síbẹ̀. Nígbà tó di ìkẹta, ẹnìkan gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ lé e. Ó dùn mí. Àṣé ibi tí eré náà wà gan-an, èmi ti bá wọn ṣe é tán. Mo ní kí bàbá bá mi tú gbogbo ìṣó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí àdúgbò, ẹ dà á sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú àwọn ojú irin ńlá tó tẹ̀, mẹ́jọ ló máa ń yí po tí ẹnu rẹ̀ fi ń pàdé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan to mẹ́fà, kò pàdé. Ó tì í, ó fà á, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ọkọ̀ pupa gba méjì tó kù. Ọmọ tó máa ń sunkún bí a bá dárúkọ ìṣirò nìyẹn o.

Òòfà ló so àwọn ọkọ̀ náà pọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ń sún ọ̀kan mọ́ èkejì, èyí tó wà níwájú sì ń sá lọ láìfọwọ́kàn án. Ọwọ́ ń yún mi láti yí i fún un, mo fara dà á. Ó wò ó títí, ó yí i padà, ó gbọ́ "pà!" Ó tú u, ó tún un so, ó tún tú u.

Ẹ máa yẹ òòfà wò kí wọ́n tó dé. Èyí tó bá ń mì, ẹ kó o kúrò. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun kí wọ́n sì dá a lu. Ilé ìwòsàn ni kíákíá. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Káfíńtà àdúgbò lè gbẹ́ ojú irin sí i. Arère la kọ́kọ́ lò, ó rọ̀ jù, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ra ń kán. Ọ̀gánwó ló gbà á.

Ọmọkùnrin kan ti bá ìyá rẹ̀ wọ rélùwéè Red Line ti Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ó fi páálí ìṣáná ṣe ibùdókọ̀ mẹ́jọ, ó ń kà wọ́n: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yábà, Ọyìngbò.

"Àǹtí, Ìkòròdú dà?"

Kò sí. Ọmọbìnrin yẹn gba ìborùn mi, ó tẹ́ ẹ bí ọ̀sà, ó fi ìwé ṣe òpó afárá láti Yábà. Ọkọ̀ náà sáré sọ̀kalẹ̀, ó já sómi. Wọ́n yọ ìwé kan, wọ́n tún fi ojú irin gùn ún kí ó lè rọra tẹ̀ sílẹ̀. Ó jábọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìkẹrin ló wọ Ìpakodò, etí omi Ìkòròdú, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, ìdérí kóòkì mẹ́rin.