Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Thanksgiving, ọjọ́ "ẹ ṣé lánàá" ni nílé wa

Ní ibi tí mò ń gbé ní Maryland, elégédé Halloween ò tíì jẹrà tán lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ń to igi Kérésì síta. Bí oṣù November ṣe ń wọlé ni orin Kérésì ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìtajà. Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbí ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù November, wá dà bí ibùdókọ̀ tí dánfó kì í dúró sí: wọ́n kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí mo ti rí níbí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má fi agbára yín ṣòfò lórí àtibá ọjà jà. Ọjà ò ní gbọ́. Nílé tiwa, ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé a wá ẹni tó ni ọpẹ́ náà kàn, a dárúkọ ẹ̀, a sì dúpẹ́ náà dé etí ẹ̀.

Òwò ti wà nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí tipẹ́. Ìwọ́de Thanksgiving tí ilé ìtajà Macy's máa ń ṣe ní New York, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1924, Bàbá Kérésì ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Lọ́dún 1939, Ọjọ́bọ̀ márùn-ún ló wà nínú November, èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n máa ń ṣe Thanksgiving nígbà náà, bọ́ sí ọjọ́ 30. Àwọn oníṣòwò figbe ta pé àsìkò tí aráàlú máa fi ra nǹkan Kérésì ti kéré jù. Ààrẹ Franklin Roosevelt bá mú Thanksgiving wá sí ọjọ́ 23. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn fárígá. Ìgbà tó di December 1941 ni òfin tó so ó mọ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà jáde. Torí náà, bí ẹnì kan bá ń ròyìn ayé àtijọ́ tí ọjà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tó bá dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nílé mọ ìkórè dáadáa. Iṣu, ògẹ̀dẹ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbé jó lọ síwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á tà á lágbàlá, ẹnì kan á fi owó gọbọi ra iṣu ẹyọ kan torí pé gbogbo ìjọ ń wò ó. Ẹ má jẹ́ ká máa nàka sí aláwọ̀ funfun nìkan.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìtajà ńlá kan láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ Thanksgiving gan-an. Èèyàn á dìde nídìí tòlótòló, á wá máa bá ẹlòmíì fa páálí tẹlifíṣọ̀n mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ò bú mi. Wọn ò tiẹ̀ rí mi ni. Látìgbà Kòrónà lọ́dún 2020, púpọ̀ nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ló ti ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn yọ̀. Àmọ́ ọjà ti kó wọnú fóònù. Ẹ ò tíì gé ẹran tí ẹ̀dínwó fi ń dún gbì-ìn gbì-ìn nínú àpò.

Ọdún tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Iléṣà ni nǹkan yí padà. A jókòó yí tábìlì ká: tòlótòló wà níbẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò náà ò gbẹ́yìn. A ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé wọn. Èyí àgbà ní òun ń dúpẹ́ fún ẹbí. Àbúrò ẹ̀ ní iPad òun ni. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló rà á fún ọ?"

"Dádì ni, Màmá."

"Ta ló bá Dádì wáṣẹ́ tó fi rówó rà á?"

Ọmọ wo ojú bàbá ẹ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ dákẹ́, kó tó wá máa ròyìn ará Ghana kan tó mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà ń fi mọ́tò gbé e ní aago márùn-ún ìdájí, nínú yìnyín, kò sì gba kọ́bọ̀ owó epo títí ìgbà òtútù fi parí. Àwọn ọmọ ò gbọ́ ọ rí. Èmi alára ò gbọ́ ti owó epo yẹn rí.

"Ó ṣì wà láyé?" Ó wà láyé. "Ìgbà wo lo pè é kẹ́yìn?"

Ìrẹsì ti tutù kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Látọjọ́ náà, a kì í béèrè "kí lò ń dúpẹ́ fún" mọ́. "Ta ló ṣe ọ́ lóore, kí ló sì ṣe?" là ń béèrè. Ọmọdé tó máa dáhùn ìyẹn gbọ́dọ̀ ronú. Èyí àbúrò yẹn gbé irú ìbéèrè yìí lọ sílé ìwé, ó ní ta ló kọ́ àwọn òyìnbó àtìpó tó jàsè ní Plymouth lọ́dún 1621, èyí tí wọ́n ń pè ní Thanksgiving àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo. Tisquantum, ọmọ onílẹ̀ láti abúlé Patuxet, ni. Àwọn Wampanoag, ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, wà nídìí oúnjẹ náà. Mo fi kún un fún un pé láti 1970 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń péjọ sí Plymouth lọ́jọ́ Thanksgiving, láti ṣọ̀fọ̀ ohun tí ojú àwọn baba ńlá wọn rí lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ kejì ló wá ṣe pàtàkì jù. Nílé, tó o bá jẹun níbi ìnáwó ẹnì kan lánàá, o ò lè rí i láàárọ̀ kó o máa wò ó bẹ́ẹ̀. "Ẹ ṣé lánàá o. Ẹ kú ìnáwó. Olúwa á dí i." Ọjọ́ kejì yìí gan-an ni ọjà gbà, tí wọ́n sọ ní Black Friday, ọjọ́ ẹ̀dínwó ńlá. Àwa ti gbà á padà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ wa, aago méjì ọ̀sán ni ní Nàìjíríà, torí náà ilé la kọ́kọ́ ń pè. Tíṣà mi àtijọ́ gbé fóònù, ohùn ẹ̀ ti le: "Ṣé kò sí o?" Wọ́n ti rò pé ẹnì kan kú, tàbí pé mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ kan. Mo ní, "Rárá sà, ẹ̀yin lẹ san owó ìdánwò mi lọ́jọ́sí. Ẹ ṣé sà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Lẹ́yìn náà la pe ìyá tó gbà wá sí bésíménì ẹ̀ nígbà tá a dé. Àwọn ọmọ máa ń wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Ọdún míì ò ní ṣe é dúpẹ́. Ọdún tí bàbá mi kú, ẹnu mi wúwo. Àárín ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni Ààrẹ Lincoln ti kéde Thanksgiving lọ́dún 1863, ó sì ní kí wọ́n rántí àwọn opó, àwọn ọmọ aláìníbaba àti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. A ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yẹn. A ka orúkọ àwọn tó gbóúnjẹ wá bá wa, a sì pè wọ́n.

Ti rírajà, mi ò ní purọ́: firísà ńlá tó wà ní gárèjì wa, Black Friday la rà á. Ẹ rajà yín, ṣùgbọ́n ẹ parí ìpè kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù fún ẹ̀dínwó. Páálí nǹkan Kérésì wa kì í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Advent, àsìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń múra sílẹ̀ de Kérésì. Lọ́pọ̀ ọdún, Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé Thanksgiving náà ni, ẹ ò ní dúró pẹ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Àbúrò mi obìnrin wà lára yín. Sátidé la máa ń jẹun tiwa tí wọ́n bá fi í sí iṣẹ́ alẹ́, a sì máa ń ṣe ìpè lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Tòlótòló tiẹ̀ máa ń dínwó nígbà yẹn.