Ìgbín ṣì ń fì sósì: kì í ṣe sípúríìnì ló fà á

Agogo mẹ́wàá alẹ́ Sátidé ni mo ń kọ èyí. Epo ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá Ìgbín bọ̀ láti ìgbà tó ṣì jẹ́ Họ́mà bọ́ọ̀sì lásán, kí n tó yọ gbogbo ìjókòó èrò kúrò nínú rẹ̀, kí n sì sọ ọ́ di ilé, ẹ mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ yìí ló ń dà mí láàmú. Bẹ́ẹ̀dì ti parí, ilé ìdáná ti parí, iná sólà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá ti wọ gálọ́ọ̀pù, abọ́ á fò, ìyàwó mi á pe Jésù, èmi náà á rọ̀ mọ́ sítíárìn bí ẹni di ìwo àgbò Iléyá mú.

Àwọn tó ti parí rèé, kíá: ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun. Bọ́ọ̀ṣì sípúríìnì ẹ̀yìn (rọ́bà inú ihò etí rẹ̀), tuntun. Yú-bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (bóòtù tó tẹ̀ bíi U, tó ń de sípúríìnì mọ́ ákísù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), tuntun, mo sì tún wọn dè lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà, torí wọ́n máa ń dẹ̀ bí ewé sípúríìnì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, bá ti jókòó tán.

Lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì, tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rà. Mo lọ sí Ládípò, mo rí kan tó ń dán yinrin. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Mo gbé e dúró, mo tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlé bí ìka nínú àmàlà gbígbóná, kò sì padà wá. Ọkùnrin tó ń tà á ní, “Ọ̀gá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Mo kí i pé ẹ kú ọjà, mo bá tèmi lọ. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ní gáàsì nínú gbọ́dọ̀ bá yín jìjàkadì bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kó sì dìde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Tuntun ni mo padà rà, owó rẹ̀ dùn mí. Ẹ má gbàgbé láti gbé tuntun náà dúró kí ẹ fà á jáde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀, torí ó ti sùn nínú páálí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Sípúríìnì ẹ̀yìn ńkọ́? Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó kó ilé lé e lórí ni mí, n kò lè bínú sí i. Ọ̀nà méjì ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń gbà tún un tẹ̀. Àwọn kan á kì í bọ iná títí á fi pọ́n, wọ́n á wá lù ú. Ó yá, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú un tutù, irin náà á gbàgbé agbára rẹ̀: yálà kó tún tẹ́ kí oṣù tó parí, tàbí kó kán sójú títì. Bàbá tí mo gbé tèmi lọ bá kò fi iná kàn án rárá. Wọ́n fi ẹfun ya ìtẹ̀ tí mo ń fẹ́ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n gbé ewé kọ̀ọ̀kan lé orí irin méjì tó jìnnà síra díẹ̀, wọ́n ń fi òòlù lu àárín rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń gbé e lé ìlà ẹfun náà wò, wọ́n tún ń lù ú. Ewé mẹ́jọ, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dè é padà, ẹ̀yìn Ìgbín ga sí i ní mílímítà 40. Mo yọ̀. Mo fẹ̀yìn rìn sẹ́yìn kí n lè wò ó dáadáa.

Ó fì sósì.

Mo fa téèpù láti ilẹ̀ dé etí ihò táyà: òsì ẹ̀yìn fi mílímítà 28 kéré sí ọ̀tún. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi ewé kan kún ti òsì, kó parí síbẹ̀. Kí n má purọ́, mo ti ra ewé náà. Ó wà nínú gáréèjì nísinsìnyí. Ohun tó dá mi dúró ni pé bí òsì bá ní ewé márùn-ún tí ọ̀tún ní mẹ́rin, ọkọ̀ náà á dúró gbọọrọ lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀tọ̀ ni yóò máa hù bó bá yà sọ́tùn-ún, ọ̀tọ̀ bó bá yà sósì. Họ́mà ga, ilé tó wà nínú rẹ̀ wúwo. N kò fẹ́ ìwà méjì.

Mo bá tú sípúríìnì méjèèjì, mo gbé ti òsì sọ́tùn-ún, mo gbé ti ọ̀tún sósì. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé sípúríìnì ló jẹ̀bi, ó yẹ kí ẹ̀bi náà bá a lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo sọ ọkọ̀ sílẹ̀, mo wà á yí àdúgbò ká kó lè jókòó, mo tún fa téèpù. Òsì ṣì ni. Mílímítà 27. Mo wọlé lọ sùn láìjẹun.

Àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri ilé tó kángun sí tiwa ló là mí lójú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi rọ́bà omi wọn wo bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, mo sì béèrè lọ́wọ́ ara mi pé: ta ló sọ fún mi pé ilẹ̀ tí mo gbé Ìgbín sí tẹ́jú? Ìbàdàn ni mo ń gbé o, ìlú olókè méje. Mo yá rọ́bà náà, a di ìpẹ̀kun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú sí ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dà sósì ní mílímítà 11. Ẹ wo mí tí mo ti ń bá alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì jiyàn fún ọjọ́ mẹ́rin lórí ohun tí ilẹ̀ ṣe. Mo fi pákó há a lábẹ́ títí ó fi dọ́gba. Ó wá ku mílímítà 16, èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ gan-an.

Ibi tí mo ti wá rí i nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ní irú wàhálà yìí gbìyànjú rẹ̀ kó tó náwó. Mo fi òkúta há táyà iwájú, mo gbé jáàkì sábẹ́ orí róbótó tó wà láàárín ákísù ẹ̀yìn, mo gbé e sókè títí táyà ẹ̀yìn méjèèjì fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ákísù ẹ̀yìn wá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ó lè fì bó ṣe wù ú, kò lè bá iwájú du ẹ̀tọ́ mọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tó bá wà bẹ́ẹ̀, òde ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.) Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń fà á, ara ọkọ̀ á dúró gbọọrọ nísinsìnyí. Dípò bẹ́ẹ̀, fífì náà lé sí i, ó di 21. Ẹ̀yìn ló tilẹ̀ ń gbà á dúró látọjọ́ yìí! Iwájú ni ọ̀daràn wà.

Họ́mà kò ní sípúríìnì eléwé níwájú, torsion bar ló ní: irin gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Bóòtù kan wà nídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó ń pinnu bó ṣe máa ga tó. Mo nu ìdọ̀tí kúrò lára bóòtù méjèèjì, mo wọ̀n wọ́n. Ti ọ̀tún ti wọlé ju ti òsì lọ ní mílímítà 8. Ẹnì kan ti yí i rí, bóyá ní Kútọnu, bóyá kó tó débẹ̀, kò sì yí èkejì. Kò sí àmì kankan tí mo lè fi mọ̀ ọ́n.

Mo gbé iwájú sórí irin ìdúró kí ẹrù má bàa wà lára bóòtù, mo fi epo rin ín, mo yí ti òsì wọlé ní ìgbà márùn-ún. Mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo wà á yípo. Mílímítà 6. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i sí i, ọwọ́ mi ti wà lórí sípánà, kí n tó rántí pé tí torsion bar bá ti le jù, apá táyà á ti rọ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó bá kòtò pàdé, gbígbá ni yóò sì máa gbá. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé rọ́bà ìdádúró iwájú lápá òsì (èyí tí apá táyà máa ń gbá bí ọkọ̀ bá rì jù), tí àlàfo rẹ̀ kò ju mílímítà 7 lọ tẹ́lẹ̀, ti wá ní 19. Ìdí nìyẹn tí gálọ́ọ̀pù kékeré fi ń dún gbì! Orí rọ́bà la ti ń rìn, a ń pariwo mọ́ ṣọ́ọ̀kì.

Mílímítà 6 tó kù ńkọ́? Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo da gbogbo lítà 100 tó wà nínú táńkì nù. Ó di 2.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọ̀tún ni ilẹ̀kùn Họ́mà wà, nítorí náà òsì ni mo to gbogbo ohun tó wúwo sí: táńkì omi, kìló 100, bátìrì méjì, bí kìló 120, fíríìjì, síńkì. Èmi awakọ̀ náà, òsì ni mo jókòó sí. Ọ̀tún kò ní ju àpótí aṣọ lọ.

Nítorí náà ètò ti yí padà. Ẹ gbàgbé ewé karùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi kó sọ̀rọ̀. Ẹ gbàgbé báàgì atẹ́gùn, èyí tó ń ran sípúríìnì lọ́wọ́ láti gbé ẹrù, tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ iye owó rẹ̀ kiri fún yín. Táńkì ni yóò kúrò. Àárín gbùngbùn, orí ákísù ẹ̀yìn, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e sí.

Mo wà á dé Ìkirè lọ́sàn-án òní, mo jẹ dòdò, mo padà. Ọ̀nà Ifẹ̀ yẹn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n abọ́ kan ò fò. Lórí 80, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kọjá lára wa, Ìgbín mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Ó ń wọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀, èyí kò yà mí lẹ́nu, torí bí ẹ bá ti fọwọ́ kan torsion bar, ẹ ti tú alignment, ìyẹn bí àwọn táyà ṣe kọjú síwájú. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé e lọ.

Ọ̀kan ló tún ń kọ mí lóminú. Bí mo bá tẹ búréèkì, imú rẹ̀ ń rì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fáàfù kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi irin tín-ínrín so mọ́ ákísù. Bí ẹ̀yìn bá ga, fáàfù náà á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín búréèkì ẹ̀yìn kù. Mo gbé ẹ̀yìn sókè ní mílímítà 40, n kò sì sọ fún un. Mo ní láti gbé ìdè irin náà ga tó bẹ́ẹ̀ kí n tó tún gbé Ìgbín sáré. Èyí ò gbọdọ̀ dúró de táńkì.

Táńkì ní tirẹ̀ ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìyàwó mi ń kó gàrí, ìkòkò àti sítóòfù sí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ákísù fún wọn lórí oúnjẹ alẹ́, mo tilẹ̀ yàwòrán. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí mo jáde lọ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ báyìí, mo rí i pé wọ́n ti ti ìkòkò ńlá méjì sí i síbẹ̀.