Mò ń kó géèmù àti fáìlì mi lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun: bó ṣe ń lọ sí

Sátidé

Kọ̀ǹpútà ti dé o! Tòkunbọ̀ ni, HP EliteDesk 800 G4, Queen Cinema níbí n'Ìbàdàn ni mo ti rà á, i5-8500, RAM 16GB, SSD 256GB. Kí n tó sanwó mo ní kí wọ́n so ó mọ́ mọ́nítọ̀ kí n rí i, mo tẹ Windows àti R pọ̀, mo kọ tpm.msc, ó gbé TPM 2.0 jáde, ìyẹn ohun ààbò tí Windows 11 máa ń béèrè, ọkàn mi balẹ̀, mo yọ owó.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo ti ń lò bọ̀, 800 G1, i5-4590, RAM 8GB, hard disk 500GB tó máa ń kùn bí oyin téèyàn bá ti tàn án. Kò bàjẹ́ o, kò tiẹ̀ fún mi ní wàhálà rí. Windows 10 tó wà lórí ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti 14 October 2025 ni wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ ẹ̀ dúró, ẹni tó ń lò ó nílé tó bá tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún àfikún, 13 October 2026 ló máa bá a dé. Windows 11 náà rèé, Intel generation kẹjọ ló ti ń gbà lọ sókè, ìkẹrin sì ni tèmi. Mo mọ àwọn tó dọ́gbọ́n gbé e sórí èyí tí ò tó o, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn, àmọ́ èmi ò fẹ́ máa fi ẹ̀rù tan kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí update bá wọlé.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ẹrù yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá. Football Manager 2020 ni, géèmù téèyàn ti ń ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Èmi àti àbúrò mi la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lásìkò kórónà, tí gbogbo èèyàn wà nílé tí ò síbi tá a lè lọ, a mú Leyton Orient, League Two, ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù England, ni wọ́n wà nígbà yẹn, a ní a máa gbé wọn dé Premier League, a sì gbé wọn débẹ̀. Inú géèmù a ti dé 2038 báyìí. Àbúrò mi ti wà ní Leeds láti 2023, ṣùgbọ́n tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó bá ti béèrè nípa màmá wa tán, Orient ló kàn. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wà, kò tó 250MB. Tí fóònù mi bá sọnù mo lè ra òmíràn, fáìlì yẹn ò sí lọ́jà.

Sọ́ńdè

Mi ò kó nǹkankan lónìí, mo kàn jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò mo ń kọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ má fojú kéré ẹ̀, torí àṣìṣe tí mo rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ni pé wọ́n á lọ sínú Program Files, wọ́n á kó fódà géèmù náà, wọ́n á ní àwọn ti kó o tán. Géèmù lẹ kó, ẹ ò kó ohun tẹ́ ẹ gbá nínú ẹ̀. Ibòmíì ni ìyẹn máa ń wà.

Ti Football Manager, inú Documents ni, Sports Interactive, Football Manager 2020, games. Ti GTA San Andreas náà wà nínú Documents, fódà kan tí wọ́n ń pè ní GTA San Andreas User Files, ẹ máa rí GTASAsf1.b títí dé 8 níbẹ̀, ìyẹn àyè mẹ́jọ tó máa ń gbé jáde téèyàn bá fẹ́ save. Ti Euro Truck Simulator 2 wà nínú Documents bákan náà, profiles ni kẹ́ ẹ wò. Minecraft tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá lórí ẹ̀ ló sá pamọ́, inú AppData ló wà, Roaming, .minecraft, saves, AppData yìí ò sì ní hàn àfi tẹ́ ẹ bá tẹ View kẹ́ ẹ ní kó fi hidden items hàn.

Yàtọ̀ sí géèmù, fọ́tò ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún màmá mi wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ìwé ilẹ̀ bàbá wa tí mo skáànù, mo ti ní ẹ̀dà ìyẹn níbòmíì tipẹ́.

Ìṣòro kan tí mo rí: fódà graphics. Láti ọjọ́ yìí la ti ń gba ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù àti lógò ẹgbẹ́ wọlé sínú Football Manager, mo tẹ Properties, ó ní fáìlì 64,000 ó lé, gbogbo ẹ̀ 9GB. Wàhálà ẹ̀ ni pé fáìlì kéékèèké tó pọ̀ máa ń pẹ́ kó ju fáìlì ńlá kan lọ, torí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ti máa ń dúró ṣí i, kọ ọ́, tì í. Mo wá fi 7-Zip dì í pọ̀ di fáìlì kan, mo sì yan Store pé kó má fún un pọ̀ rárá, PNG ni gbogbo wọn, wọ́n ti fún wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀, téèyàn bá ní kó tún fún un pọ̀, àkókò lásán ló máa gbà.

Mọ́ńdè alẹ́

Flash 32GB ni mo kọ́kọ́ lò. Mo kó zip yẹn sí i, ó ní fáìlì náà tóbi jù fún ibi tí mò ń gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ 28GB ló ṣófo lórí ẹ̀. FAT32 ni wọ́n fọ́mátì ẹ̀ sí, FAT32 ò sì gba fáìlì kan tó bá ti tó 4GB, kò kan bóyá àyè wà. Mo fọ́mátì ẹ̀ sí exFAT, ó gbà.

Ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, 6MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi sílẹ̀ mo lọ jẹun. Zip ti tán, ó ti dé fódà games, saves mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀ torí mi ò kì í dílíìtì ti àtijọ́, ni wọ́n bá mú iná. Desktop ni, kò ní bátìrì, UPS mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó pa lọ gbáà.

Nígbà tíná dé mo wo flash, fáìlì Orient wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ pé, ìwọ̀n ẹ̀ pé, 238MB níbí, 238MB lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni ló máa rò pé ó ti wọlé. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé òun ló wà lójú iṣẹ́ nígbà tíná lọ, mo rántí orúkọ ẹ̀ lórí àpótí tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún. Mo ṣí cmd, mo kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, SHA256, mo ṣe é fún ti orí hard disk, mo ṣe é fún ti orí flash. Ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa ń jáde, bákan náà ló sì máa rí tí inú fáìlì méjèèjì bá dọ́gba. Ti hard disk bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7c, ti flash bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e1. Wọn ò jọra rárá. Windows máa ń gba àyè fáìlì sílẹ̀ lódidi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan sínú ẹ̀, torí náà ìwọ̀n ẹ̀ á pé kí inú ẹ̀ tó kún. Ilé ti dúró, òrùlé ti wà lórí ẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀.

Ká ní mo ti fọ́mátì ti àtijọ́ kí n tó wò ó ńkọ́? Ara mi ṣì ń gbọ̀n títí mo fi sùn.

Wẹ́sìdeè

Mo pa flash tì. Hard disk fúnra ẹ̀ ni mo yọ kúrò nínú G1, mo so ó mọ́ G4. Ìdérí àwọn EliteDesk yìí ò nílò screwdriver, ẹ kàn fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, SATA kan, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ń so disk mọ́, sì wà níbẹ̀ tí ò ṣe nǹkankan. Mo yọ okùn iná kúrò lára ògiri kọ́kọ́, mo fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná tó bá wà lára mi lè kúrò, lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan nǹkan inú.

Nǹkan méjì tí mo ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, hard disk yìí ní Windows tiẹ̀ lórí, mo wọ BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń ṣáájú Windows téèyàn bá tan kọ̀ǹpútà, kí n rí i dájú pé SSD tuntun ló ṣíwájú, kó má lọ jẹ́ pé Windows 10 ló máa gbéra. Ìkejì, nígbà tí mo ṣí fódà orúkọ mi tó wà nínú Users lórí disk àtijọ́, ó ní mi ò láṣẹ àtiwọlé. Kì í ṣe pé nǹkan sọnù o, Windows tuntun ò mọ ẹni tó ni ilé yẹn ni. Mo tẹ Continue, ó rò ó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ṣí.

Báyìí ni kíkó ṣe dùn. 90MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà míì ó lọ sí 110. Zip 9GB tó lo bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí flash, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo tún ṣe certutil fún fáìlì Orient níbi méjèèjì, 7c, 7c, mo ka gbogbo lẹ́tà 64 náà pẹ̀lú ìka lójú mọ́nítọ̀, wọ́n bára mu délẹ̀.

Géèmù tí mo rà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà rọrùn, mi ò gba ìkankan wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i torí dátà tó wọ́n. Mo fi Steam sórí kọ̀ǹpútà tuntun, mo kó fódà àwọn géèmù náà sínú steamapps, common, mo wá tẹ Install bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ló bá ní òun ń wo fáìlì tó ti wà nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀nba díẹ̀ tó yàtọ̀ ló fà wọlé.

Fúráídè

Mo ṣí Football Manager. Load Game. Òfìfo.

Mo padà lọ wo Documents, fáìlì wà níbẹ̀. Mo ti géèmù, mo tún ṣí i, kò rí i. Àyà mi já, mi ò parọ́. Mo jókòó mo wá wo orí àdírẹ́sì fódà tí géèmù fúnra ẹ̀ ṣẹ̀dá, ó ka OneDrive, Documents. Documents méjì ló wà! Nígbà tí mò ń ṣètò Windows 11 ó bi mí bóyá kó máa bá mi tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi fúnra mi ni mo tẹ yes láì kà á, látìgbà yẹn tí géèmù èyíkéyìí bá ní Documents dà, inú OneDrive ni Windows ń tọ́ka sí, ibi tí mo kó ẹrù mi sí sì ni Documents inú C, Users.

Ẹlòmíì lè kàn kó o bọ́ sínú èyí tó wà ní OneDrive, kó sì ṣiṣẹ́. Èmi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. 5GB ni àyè ọ̀fẹ́ ibẹ̀, graphics mi nìkan 9GB, á máa fi dátà mi gbé ojú agbábọ́ọ̀lù lọ sókè ní gbogbo ọ̀sán. Mo lọ sínú settings OneDrive, Manage backup, mo pa ti Documents, mo wá rí i pé Documents ti padà sí àyè ẹ̀ lórí C. Mo ṣí géèmù.

Ó wà níbẹ̀. Leyton Orient, January 2038.

Mo pe àbúrò mi lórí fídíò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ibi iṣẹ́ ló wà, ó sáré bọ́ sí kọ́rídọ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn ṣì wà?" Mo mọ ẹni tó ń sọ. Ọmọ Nàìjíríà kan tí géèmù fúnra ẹ̀ ṣẹ̀dá ni, àbúrò mi ló rà á nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, mo ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní kí n gbọ́ tòun lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ó wà. Ó ti pé 31, eré ẹ̀ ti dínkù."

"Ẹ má tà á o, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ wa."

Mo ní mi ò ní tà á.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kejì

Àwọn tó kù. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ò hàn lẹ́yìn tí mo tú zip sí fódà graphics, dúdú ni gbogbo wọn, mo lọ sí Preferences, Clear Cache, lẹ́yìn náà Reload Skin, gbogbo wọ́n padà wá.

GTA San Andreas ṣí, save mi wà ní àyè kẹta, àmọ́ máùsì ò mira. Fáìlì gta_sa.set tí mo kó mọ́ àwọn save ló fà á, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Mo dílíìtì ẹ̀, géèmù ṣe tuntun, máùsì ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń kó tiyín, GTASAsf nìkan ni kẹ́ ẹ mú.

Minecraft ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì kó o, ọmọ náà ní òun fẹ́ jókòó tì mí kóun rí i pé ilé òun ò wó. Mo ti ra UPS. Hard disk àtijọ́ ṣì wà nínú G4 bó ṣe wà, mi ò tíì dílíìtì nǹkankan lórí ẹ̀, mo sì ti fi ẹ̀dà fáìlì Orient ránṣẹ́ sí Leeds. Lọ́la aago mẹ́rin, tó bá ti tibi iṣẹ́ dé, a máa gbá FA Cup, ìpele kẹrin, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́, òun ló máa yan àwọn tó máa wọlé.