Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ariwo?

Ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń sọ fún jámbáìtì tó ní ọ́tísíìmù (tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré) ni pé, "Ṣáà máa dá sí wọn, á mọ́ ẹ lára." Ìdajì òótọ́ ni. Nǹkan méjì ló ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jà láàárín èrò. Ọ̀kan ni ẹ̀rù: kí ni wọ́n máa rò nípa mi, tí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́? Èkejì ni pé ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti ìfarakanra pọ̀ ju ohun tí ọpọlọ rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Méjèèjì ló ń mú kí àyà já, tí ọwọ́ á sì máa làágùn, a sì máa ń rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Bí o bá dúró ti ẹ̀rù, á rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ń sá fún un, á máa ga sí i. Ariwo ò rí bẹ́ẹ̀. Jókòó sábẹ́ sípíkà fún wákàtí mẹ́ta, ńṣe ni yóò máa burú sí i. Ẹ̀rù là ń sún mọ́. Ariwo là ń dín kù.

Ká mú ti ariwo. Bí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, lò ń lọ, tó sì jẹ́ apá South Gate lo gba yàrá sí, rin ọ̀nà náà dé kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀: lọ́jọ́ Sunday tí ibẹ̀ dá, àti láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ka iye ìṣẹ́jú tó gbà ọ́. Àwọn kọ́ọ̀sì GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) máa ń kó ẹ̀ka púpọ̀ pọ̀ sójú kan, ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ló máa dúró sí. Fi 20 ìṣẹ́jú ṣíwájú wọn, kí o mú ìjókòó ìparí ìlà nítòsí ilẹ̀kùn, tó jìnnà sí sípíkà. Ẹnì kan péré ni yóò máa fara kàn ọ́ níbẹ̀, o sì lè jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n fi sí. Fi ìka yí i títí tí yóò fi tín-ín-rín, na ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí, fa etí sókè, tì í wọlé, kí o sì fi ìka dì í mú fún 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tí kò bá fa etí, ìdajì rẹ̀ á kù síta, á wá ní kò ṣiṣẹ́. Yọ ọ́ tó o bá fẹ́ sọdá títì. Má sì máa lò ó nínú yàrá tó dákẹ́, torí tí etí bá ti mọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ jù, ohùn kékeré á máa dùn ún.

Ti ẹ̀rù ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré jù. Máa kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé yín lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó jókòó tì ọ́ ní ìbéèrè kan: "Jọ̀ọ́, ṣé ibí ni GST?" Fún ẹ̀rù náà ní máàkì láti 0 dé 10. Bó bá jẹ́ 7, máa tún un ṣe títí yóò fi sọ̀ sí 3 tàbí 4 kí o tó kọjá sí èyí tó le jù ú. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni fífi fóònù bojú bíi pé o ń gba ìpè. Ẹ̀rù náà kò ní láǹfààní láti rọlẹ̀.

Àṣà wa tún gbè ọ́ níbì kan. Ìwé òkèèrè á ní kí o máa wo ènìyàn lójú, bẹ́ẹ̀ níbí, bí o bá ranjú mọ́ àgbà gan-an ni wọ́n máa bá ọ wí. Wolẹ̀, tẹrí ba tàbí kúnlẹ̀ díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà," ó parí. Bí wọ́n bá pọ̀ lórí ìjókòó, "Ẹ kú ìjókòó o" ẹ̀ẹ̀kan kárí gbogbo wọn. Àìkíni ni wọn kì í gbójú fò. Ìgbéraga ni wọ́n máa pè é.

Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí kọ́ọ̀sì adáfáísà rẹ, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní ẹ̀ka rẹ. "Mo ní ọ́tísíìmù, ẹ ràn mí lọ́wọ́" kò sọ ohun tí olùkọ́ náà máa ṣe fún ọ. Sọ ọ́ ní pàtó: kí n máa jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, bí ibi ẹ̀kọ́ bá yí padà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má kàn kéde ẹ̀ lẹ́nu. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019, ṣùgbọ́n má fi òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Àpọ́nlé ló ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Bí o bá ń sá fún kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìwàláàyè sú ọ, lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi ọ́ ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ.

Fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu, jáde sí abẹ́ igi, fa èémí sínú dé orí 4, mí síta dé orí 6, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí èyí ti wà ní kíkọ sínú fóònù rẹ, kí o kàn gbé e han ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ: "Mò ń gbọ́ ẹ. Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí. Fún mi ní 20 ìṣẹ́jú."