Dartmouth àbí Columbia: níbo lo fẹ́ wà ní alẹ́ Fúráìdè?

Àbúrò mi kan wọlé sí Dartmouth, ó tún wọlé sí Columbia, yunifásítì ní Amẹ́ríkà ni méjèèjì, ọjọ́ kìíní oṣù May sì ti dé tán tó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó ń bi, orúkọ ni wọ́n ń bá a sọ, èwo ló lókìkí jù. Ẹ jọ̀ọ́, inú Ivy League, ìyẹn àwọn yunifásítì mẹ́jọ tó lókìkí níbẹ̀, ni méjèèjì wà, Columbia ti wà láti 1754, Dartmouth láti 1769, èwo ni ti orúkọ níbẹ̀? Ohun tí mo ní kó rò ni pé tí kíláàsì bá parí ní Fúráìdè, níbo lo máa wà, ta lo sì máa wà pẹ̀lú?

Torí ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Hanover, ní New Hampshire, tí Dartmouth wà, ìlú kékeré ni, igbó àti òkè ló yí i ká, kódà Appalachian Trail tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn láti Georgia dé Maine gba àárín ìlú kọjá, èèyàn lè máa lọ ra nǹkan kó rí ẹni tó gbé báàgì gàgàrà kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Nígbà tí kò sí ibi púpọ̀ téèyàn lè lọ, inú ọgbà ni gbogbo fàájì wà, ilé àwọn fraternity àti sorority (ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin àti ti àwọn ọmọbìnrin nínú school) ló sì gbawájú, ọdún kejì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ ṣì lè rí ẹgbẹ́ tiẹ̀, Outing Club ti wà láti 1909, àwọn ló ń kó àwọn ọmọ tuntun lọ sínú igbó, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń rí ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ tí ariwo pátì bá máa ń sú ẹ, wádìí dáadáa.

Èyí tó ká mi lára jù ni D-Plan, bí Dartmouth ṣe ń to táàmù wọn. Táàmù mẹ́rin ló wà lọ́dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n máa ń wà ní school ní sọ́mà lẹ́yìn ọdún kejì, wọ́n á wá lo táàmù míì níta. Ó dáa fún ẹni tó ń wá íntánṣíìpù, torí wàá máa wáṣẹ́ nígbà táwọn ọmọ school míì wà ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n bó o ṣe ń dé ni ọ̀rẹ́ ẹ lè máa di ẹrù lọ, ẹ lè má fojú kanra fún bí oṣù mẹ́fà, àbúrò mi yìí sì rèé, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó mọwọ́ èèyàn.

Ti Columbia, Manhattan ni, ní Morningside Heights, reluwé 1 dúró sẹ́nu géètì gan-an ní 116th Street. Ní Fúráìdè, oníkálukú á gba géètì jáde, ẹni kan ń lọ wo tíátà, ẹnì kan ń lọ kí mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Òmìnira pọ̀, àmọ́ tó ò bá jáde wá wọn, wọn ò ní wá kanlẹ̀kùn ẹ. Ohun tó ń so wọ́n pọ̀ ni Core Curriculum, àwọn kọ́ọ̀sì tó pọn dandan, ó ti wà láti 1919, ìwé kan náà ni gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kà (àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ò ṣe gbogbo ẹ̀), bí èèyàn 22 á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa jiyàn lórí Homer, akéwì Gíríìsì àtijọ́. Ẹni tó bá ẹ jiyàn láti September dé May, o ò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bí àbúrò mi, ibẹ̀ ni màá fọwọ́ sí.

Ó ṣì ń ronú. Mo ní kó pe ọmọ ọdún kejì ní Dartmouth tí kò sí nínú fraternity, kó bi í ohun tó ṣe ní Fúráìdè tó kọjá, kó pe ọmọ Columbia náà, kó bi í ẹni tí wọ́n jọ jẹun alẹ́ àná.