Ìyá, ta ni “ó” yẹn?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìpẹ̀jọ́, ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì báyìí nípa ohun tó mú mi pẹ́ tó báyìí nídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Mo kàn dá yín lóhùn wéré lọ́jọ́ náà ni, torí kóòtù ń dúró dè wá ní Maitama. Ìdáhùn tó yẹ yín ni mo fẹ́ sọ yìí, fáìlì kan ló sì wà nídìí rẹ̀.

Kí n tó dé Àbújá, mo ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya. Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá gbé fáìlì olè jíjà kan wá, kí a lè gbà wọ́n nímọ̀ràn bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ọmọkùnrin kan tó ń báni tajà ní ìsọ̀ ni wọ́n ní ó jí owó ọjà. Fáìlì náà kò nípọn rárá, ìyẹn ni mo ṣe ti ẹrù mìíràn lé e lórí. Àwọn ẹjọ́ ìpànìyàn wà nílẹ̀, èyí tí àwọn oníròyìn ń bi wá léèrè lójoojúmọ́. Mo ní màá kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù méje kọjá.

Ní gbogbo oṣù méje yẹn, àtìmọ́lé ni ọmọ náà wà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù Májísíréètì, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ fún adájọ́: a ń retí ìmọ̀ràn DPP, ìyẹn olórí ẹ̀ka ìpẹ̀jọ́ ìjọba. Èmi ni DPP ọ̀hún. Ẹ má wo orúkọ oyè tó wà lókè lẹ́tà. Ẹni tí fáìlì wà lórí tábìlì rẹ̀ ni DPP. Obìnrin kan wà tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa. Bí mo bá ń kọjá, á ní “ẹ káàárọ̀ mà”, èmi náà á dá a lóhùn, màá sì wọlé lọ. N kò bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń wá. Ìyá ọmọ náà ni.

Nígbà tí mo wá ṣí fáìlì náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀: ìyá àgbà kan, ará Ọ̀fà, tó ń ta èlùbọ́ ní òdìkejì ìsọ̀ ọ̀hún. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ọmọ kan ládùúgbò ló ṣe ògbufọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, “he” sì ló kún ibẹ̀. Ìyá tẹ ìka sí i, wọ́n ní ó parí.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi bó ṣe rí i gan-an, lédè wa. Ó ní, “Mo rí i tó wọlé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá gbé ọ̀rá dúdú kan jáde.” Mo bi í pé, “Ìyá, ta ni ‘ó’ yẹn?” Ìyá tẹjú mọ́ mi. “Àbúrò ẹni tó ni ìsọ̀ ni. Obìnrin pupa yẹn. Ta ni wọ́n ní mo pè?”

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. “Ó” tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ọkùnrin ni wọ́n ti mú sílẹ̀, nígbà tí ògbufọ̀ sì gbọ́ “ó”, kò wulẹ̀ béèrè mọ́. Ìlànà ni pé èdè tí ẹlẹ́rìí bá fi sọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi kọ ọ́ sílẹ̀, ká tó túmọ̀ rẹ̀. Wọn kò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́ta péré ni fáìlì náà, èmi ni mi ò kà á. Mo kọ ìmọ̀ràn pé ọmọ náà kò ní ẹjọ́ jẹ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC ọdún yẹn kí wọ́n tó mú un. Inú àtìmọ́lé ló wà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà tán.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ fúnra mi kí n tó kọ ohunkóhun. Mo kọ́ Hausa nítorí rẹ̀. Hausa ní “ya” fún ọkùnrin, ó ní “ta” fún obìnrin, nítorí náà kòtò tiwa kò sí níbẹ̀, àmọ́ ó ní àwọn kòtò tirẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí yín bá jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gbagyi láti Bwari tàbí Kuje níhìn-ín ní Àbújá, ẹ wá ògbufọ̀ tó dáńtọ́ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Ẹ má dúró de ẹni tí kóòtù bá ṣèèṣì rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí a ń pè ní ACJA jáde ní 2015, ó ní kí ìmọ̀ràn jáde láàárín ọjọ́ 14 tí fáìlì bá ti dé. Òfin kan náà ló ní bí kò bá ṣeé ṣe láti máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba ìsúnsíwájú tó ju márùn-ún lọ, kí àárín ọ̀kan sí èkejì má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Mo ti gbọ́ táwọn àgbà amòfin ń sọ pé ìwé lásán ni. Èmi kò gbà. Ọjọ́ 14 yẹn, mo mọ orúkọ ẹni tí ì bá ti gbà sílẹ̀.

Ẹ fẹ́ràn láti máa mẹ́nu ba Mariam Aloma Mukhtar, ẹ sì jàre. July 16, 2012 ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Kudirat Kekere-Ekun di obìnrin kejì ní 2024. Àwòrán ìbúra yẹn ló wà lórí fóònù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka 1967. Ọdún yẹn ni Mukhtar, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Òkè Ọya, bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ Àríwá, ní ipò tó kéré jù fún agbẹjọ́rò ìjọba, ipò ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin. Ní 1971 ó di májísíréètì ní ìpínlẹ̀ North-Eastern. Ní 1973 ó di akọ̀wé àgbà fún ẹ̀ka ìdájọ́ ní Kánò, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwé, àkọsílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ni èèyàn ń bójú tó. Ìgbà tó di 1977 ló tó jókòó sórí àga ilé-ẹjọ́ gíga Kánò, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti 1967 dé 2012, ọdún 45 ni. Ẹ tún wo ọmọ Yorùbá wa, Modupe Omo-Eboh, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà, ní 1969: ó ti ṣe májísíréètì, ó sì ti ṣe DPP kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí náà ni wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin obìnrin inú yín, ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n á máa kó fún yín, wọ́n á ní obìnrin ló yẹ. Ó bí mi nínú nígbà kan, mo lọ bá ọ̀gá mi pé kó fún mi ní ẹjọ́ ìpànìyàn àti ti jìbìtì báńkì, ó sì fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí tí wọ́n kó fún yín, torí n kò tíì rí ẹjọ́ tó le tó o. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò ní búra, a kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan, àfi tí ẹ̀rí mìíràn bá gbè é lẹ́sẹ̀. Inú fáìlì ni ẹ ti máa wá ìyẹn: ìwé dókítà, ẹni tí ọmọ kọ́kọ́ sọ fún, aṣọ tó wọ̀. Ẹ mú ọmọ náà lọ wo kóòtù lọ́jọ́ tí kò sí ìgbẹ́jọ́, kó dúró níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Bí ìyá rẹ̀ náà bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìta ló máa wà títí yóò fi jẹ́rìí, nítorí náà ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kó lè wà níbi tí ọmọ ti ń rí i nígbà tó bá kàn án. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó ń wojú ilẹ̀kùn, tó ń wá ìyá rẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀, ló kọ́ mi.

Ọjọ́ á dé tí àṣẹ máa wá láti òkè pé kí ẹ fi ẹjọ́ kan sílẹ̀. Abala 174 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ lágbára yẹn, 211 sì fún ti ìpínlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pẹjọ́. Ṣùgbọ́n abala kan náà ní kó wo ire aráàlú, kó wo òdodo, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fi òfin ṣe ìlòkulò. Ẹ kọ èrò yín sínú fáìlì, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ fi déètì sí i, kí ẹ tó gbé e padà.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi tí mo fi rúlà fa ìlà sí: ọjọ́ tí fáìlì wọlé, ọjọ́ tí a ṣí i, ọjọ́ tí ìmọ̀ràn jáde, àti bóyá ẹnì kan wà ní àtìmọ́lé. Fáìlì 11 ni a kò tíì ṣí. Èèyàn wà ní àtìmọ́lé nínú mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá sì ń wọlé, ẹ bi àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pé ta ni wọ́n ń wá.