Ìdí Òfì Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣèwádìí nípa àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ayé àtijọ́, ẹ má ti orí sítáìlì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi aṣọ náà léèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ẹ wo tòbí. Abẹ́ ìró ló ń gbé, okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí, kò sì gùn ju orúnkún lọ. Kíjìpá wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì níbí. Àwọn ìyá wa ló ń ran òwú, àwọn náà ló ń hun ún lórí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri ilé. Aṣọ òfì àwọn ọkùnrin tín-ín-rín. Tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe tòbí, ẹ ó tò ó pọ̀ títí ni. Kíjìpá fẹ̀, ojú rírán rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ti ru ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí mọ ohun tí ojú rírán ń fi itan ṣe! Kíjìpá tún ki, ó ń fa òógùn mu, bí a sì lù ú lódò, kò ní ya. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú aró èlú, àbàwọ́n kì í tètè hàn lára rẹ̀. Inú tòbí náà làwọn ọlọ́jà ń tọ́jú owó sí. Ṣífọ́ọ̀nù wo ló lè gbé ìyẹn?

Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ gbé lọ sí Yúróòpù. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń rán ṣìmí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, torí pé ó ṣeé sè, ó ṣeé lù, nígbà tí ẹ̀wù sílíkì tó wà lókè kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ṣìmí ni kọ́sẹ́ẹ̀tì ń gbé, kì í ṣe ara lásán bí fíìmù ṣe ń fi hàn wá (èyí máa ń bí mi nínú). Ní 1914, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Phelps Jacob gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí kọ́mú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Náílọ́nù dé ní 1938. Ó ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu. Ẹ yí pátá náílọ́nù síta, ẹ wo àárín itan rẹ̀: aṣọ òwú kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀.